Sọ́fítíwià ní 7.1, mítà ní 6.75: ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Wáyà onírọ́bà ni mo fi ṣe dipole (áńtẹ́nà alápá méjì tí iná ń wọ̀ láàárín) fún ìgbì rédíò 40 m (nǹkan bí 7 MHz), inú àjà ilé ni mo sì ta á sí nítorí kò sí àyè níta. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 20 m, ó sì ga tó 8 m sí ilẹ̀. Àjà náà kò gùn tó wáyà, ni mo bá tẹ orí rẹ̀ méjèèjì, 4 m ní apá kọ̀ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú MMANA-GAL, sọ́fítíwià tó ń ṣírò áńtẹ́nà, ó ní SWR (ìwọ̀n bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu tó; 1 ló dára jù) 1.3 ni n ó rí ní 7.1 MHz. Nígbà tí mo so NanoVNA, mítà kékeré tó ń wọn áńtẹ́nà, mọ́ ìdí coax (wáyà tó so áńtẹ́nà mọ́ rédíò) nínú yàrá, 3.5 ni mo bá níbẹ̀. Ibi tó ti dára jù ni 6.75 MHz, SWR ibẹ̀ jẹ́ 1.6. Amọ̀ sísun ni wọ́n fi bo òrùlé, kì í ṣe páànù, ṣùgbọ́n gọ́tà alumíníọ́mù gba ẹ̀gbẹ́ orí wáyà kan kọjá. Ṣé sọ́fítíwià ń purọ́ ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n lò?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ iye gbogbo nǹkan sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń béèrè irú èyí kì í sọ ju pé "kò ṣiṣẹ́" lọ, kò sì sí bí a ṣe lè ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Sọ́fítíwià kò purọ́. Ohun tí ẹ bi í ló dáhùn: báwo ni wáyà tí kò wọ nǹkan kan, tó ga ní 8 m, tí kò sí irin kankan nítòsí rẹ̀, yóò ṣe ṣe sí? Áńtẹ́nà tó wà nínú àjà yín kì í ṣe ìyẹn. Ó wọ rọ́bà, coax rọ̀ mọ́ ọn láàárín, gọ́tà sì wà létí rẹ̀. Nínú nǹkan mẹ́ta yìí ni púpọ̀ nínú àlàfo tó wà láàárín 7.1 àti 6.75 wà, gbogbo wọn ló sì ṣeé kọ sínú mọ́dẹ́lì. Inú mi dùn pé òrùlé yín kì í ṣe páànù; ká ní páànù ni, ìmọ̀ràn tí n bá fún yín ni pé kí ẹ wá ọ̀nà gbé wáyà náà jáde.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí ìṣirò náà ń ṣe. NEC-2, tí Burke àti Poggio ṣe ní Lawrence Livermore National Laboratory ní Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1981, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ nínú àwọn sọ́fítíwià yìí: 4nec2, xnec2c tó wà fún Linux, àti EZNEC ti Roy Lewallen, èyí tó sọ di ọ̀fẹ́ ní 2022. MININEC ni ti MMANA-GAL tí ẹ lò. Wọ́n kọ ìyẹn fún kọ̀ǹpútà kékeré láyé ìgbà tí NEC wúwo jù fún wọn. Ọ̀nà tí gbogbo wọn ń gbà jọra. Wọ́n á gé wáyà sí ègé wẹ́wẹ́, wọ́n á ṣírò bí kọ́rẹ́ńtì inú ègé kọ̀ọ̀kan ṣe ń kan gbogbo ègé yòókù, wọ́n á wá wá iye kọ́rẹ́ńtì tó bá gbogbo wọn mu lẹ́ẹ̀kan náà. Ara kọ́rẹ́ńtì yẹn ni SWR, gain (bí áńtẹ́nà ṣe ń kó agbára sí ọ̀nà kan tó) àti àwòrán ìtànká ti ń jáde. Ohun tí ẹ kò bá kọ sínú tábìlì wáyà, lójú ìṣirò náà, kò sí láyé.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló lè ba gbogbo èyí tó kù jẹ́. Ní 7.1 MHz, ìgbì kan gùn tó 42.2 m, 8 m yín sì jẹ́ nǹkan bí 0.19 rẹ̀. Nígbà tí MININEC bá ń ṣírò impedance (bí áńtẹ́nà ṣe ń dènà kọ́rẹ́ńtì tó, tí a ń fi ohm wọ̀n), ó máa ń mú ilẹ̀ bíi pé irin dídán tí kì í jẹ iná ni. Ìgbà tó bá fẹ́ ya àwòrán ìtànká nìkan ló ń rántí pé erùpẹ̀ ni. Fún wáyà tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ 0.2 ìgbì, èyí kò dára tó: gain á pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, iye ohm á sì yàtọ̀ sí ti òtítọ́. Nítorí náà ẹ gbé iṣẹ́ yìí lọ sínú 4nec2 tàbí EZNEC, kí ẹ sì yan ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sommerfeld. Wọn yóò bi yín ní nǹkan méjì nípa ilẹ̀ náà: bí iná ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ tó (S/m), àti dielectric constant rẹ̀. Fún ilẹ̀ àárín-méjì, ẹ kọ 0.005 S/m àti 13. Fún àárín ìlú tí ilé kún, 0.001 àti 5. Ẹ gbìyànjú méjèèjì. Fún wáyà tó dùbúlẹ̀, irú ilẹ̀ kì í sún ibi tí SWR ti dára jù kúrò púpọ̀, ẹ má fi da ara yín láàmú.

Ẹ wá kọ wáyà náà báyìí. Wáyà àárín, láti x = −6 dé x = 6, y = 0, z = 8. Orí ọ̀tún, láti (6, 0, 8) dé (6, 4, 8). Orí òsì, láti (−6, 0, 8) dé (−6, −4, 8). Ẹ gé wáyà àárín sí ègé 21, kí ẹ gé orí kọ̀ọ̀kan sí 7. Ègé kọ̀ọ̀kan á jẹ́ 57 cm níbi gbogbo. Bí ègé bá ń dọ́gba báyìí, pàápàá nítòsí ibi tí iná ti ń wọlé, ìṣirò NEC-2 máa ń dára sí i. Mo mú 21 nítorí pé kò ṣeé pín sí méjì: ègé kan á bọ́ sí àárín gan-an, ibẹ̀ lẹ ó sì fi orísun iná sí.

Àṣìṣe kan wà níbí tó ń mú àwọn ènìyàn gidigidi. Bí ẹ bá kọ 6 fún ìparí wáyà àárín, tí ẹ wá kọ 6.01 fún ìbẹ̀rẹ̀ orí ọ̀tún, lójú yín wọ́n ti so pọ̀, àwòrán orí kọ̀ǹpútà náà á sì fi hàn bíi pé wọ́n so pọ̀. NEC kò rí i bẹ́ẹ̀. Kò ní gbà pé orí wáyà méjì kan ara wọn àfi bí àlàfo àárín wọn bá kéré sí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ègé wọn. Ègé 57 cm, ìdá yẹn kò tó 1 mm; 1 cm ti pọ̀ jù. Wáyà 16 m ló máa ṣírò fún yín, pẹ̀lú wáyà 4 m kan tó kàn wà létí rẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán kọ́rẹ́ńtì kí ẹ wò ó: ó yẹ kó ga jù láàárín, kó máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó gba igun kọjá láì já, kó sì di òdo ní ìparí orí tí ẹ tẹ̀. Bí ó bá di òdo ní igun, wáyà yín ti já nínú ìwé. Lójú tèmi, àwòrán kọ́rẹ́ńtì yìí wúlò ju àwòrán ìtànká tí gbogbo èèyàn ń sáré lọ wò lọ. Àwọn wáyà tó bá gba àárín ara wọn kọjá náà kò so pọ̀; orí ègé nìkan ni ìsopọ̀ ti ń wáyé.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ègé di ìlọ́po méjì, 43 àti 14, kí ẹ tún ṣírò. Bí èsì bá fò kúrò níbi tó wà, mọ́dẹ́lì náà kò tíì dúró. Ẹ yọ ilẹ̀ kúrò, ẹ yọ àdánù inú bàbà kúrò, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń pè ní average gain: ó yẹ kó jẹ́ 1 tàbí kó súnmọ́ 1 dáadáa. Bó bá jẹ́ 0.8 tàbí 1.3, gain tó ń kọ fún yín kò ṣeé gbára lé. Mo mọ̀ pé èyí kò dùn-ún ṣe, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ó sì ń gbani lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wàhálà.

Ó kan rọ́bà. Rọ́bà ara wáyà máa ń dín eré ìgbì kù lórí rẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe nípọn àti irú èyí tó jẹ́. Ẹ wo iye tiyín: 6.75 pín pẹ̀lú 7.1, 0.95 ni. Ìdá 5 ni áńtẹ́nà yín fi lọ sílẹ̀. Rọ́bà tó nípọn, tó tún sinmi lórí igi àjà, fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní fẹ́ kí ẹ di gbogbo ẹ̀bi rù ú kí ẹ tó wo àwọn méjì yòókù. EZNEC àti 4nec2 ní àyè tí ẹ ti lè kọ bí rọ́bà ṣe nípọn tó àti irú rẹ̀. Fún PVC, ẹ kọ 3 sí ibi dielectric constant. Igi àjà kò ní àyè tirẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ fi kún rọ́bà inú mọ́dẹ́lì díẹ̀díẹ̀ títí tí yóò fi bá mítà mu, lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí sí coax àti gọ́tà tán.

Gọ́tà ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ẹ kò so ó mọ́ nǹkan kan, síbẹ̀ kọ́rẹ́ńtì lè máa rìn nínú rẹ̀, pàápàá níbi orí wáyà, níbi tí fólítéèjì ti ga jù. NEC kò mọ gọ́tà, wáyà roboto ló mọ̀, ṣùgbọ́n òfin kan wà tó dára: irin pẹlẹbẹ ń ṣe bíi wáyà roboto tí ìwọ̀n àárín rẹ̀ jẹ́ ìdajì ìbú irin náà. Bí gọ́tà yín bá fẹ̀ tó 12 cm, ẹ kọ ọ́ bíi wáyà tó nípọn tó 6 cm, radius rẹ̀ á jẹ́ 3 cm. Ẹ fi tẹ́ẹ̀pù wọn ibi tó wà gan-an: báwo ló ṣe jìnnà sí orí wáyà, báwo ló ṣe ga, báwo ló ṣe gùn. Ẹ gé òun náà sí ègé tó súnmọ́ 57 cm. Fún radius 3 cm, ègé yẹn gùn tó, nítorí NEC-2 fẹ́ kí ègé gùn ju ìlọ́po 8 radius rẹ̀ lọ. Bí orí wáyà bá súnmọ́ gọ́tà ju 57 cm lọ, ẹ gé àwọn méjèèjì kéré sí i níbẹ̀.

Ẹ ṣe é lọ́nà mẹ́ta: láìsí gọ́tà, pẹ̀lú gọ́tà nìkan, pẹ̀lú gọ́tà àti páìpù irin tó ń gbé omi sọ̀kalẹ̀, bó bá wà. Ọ̀nà kẹta yìí ló sábà máa ń yani lẹ́nu. Gọ́tà 12 m kò fi bẹ́ẹ̀ gba kọ́rẹ́ńtì ní 7 MHz, ṣùgbọ́n fi páìpù 7 m kún un, ó di 19 m, ó ti súnmọ́ ìdajì ìgbì. Ní gígùn yẹn, ó ti di apá kejì áńtẹ́nà yín, ó ń gba iná, ó ń tú u jáde, ó sì ń sún ibi tí SWR ti dára kúrò láyè rẹ̀. Ẹ ṣí àwòrán kọ́rẹ́ńtì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wo iye tó wà nínú gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà láàárín wáyà. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ogún, ẹ gbàgbé rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ yí orí wáyà yẹn padà sí apá kejì àjà, kí ẹ tún wò ó. Nínú mọ́dẹ́lì, àyípadà yìí kò ju nọ́ńbà kan lọ: 4 di −4. Nínú àjà, ó jẹ́ odidi ọ̀sán tí ènìyàn fi ń rákò láàárín igi. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù nìyẹn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń ronú láti fi gọ́tà fúnra rẹ̀ ṣe áńtẹ́nà, kó mọ nǹkan méjì. NEC-2 kì í ṣírò dáadáa níbi tí irin tó nípọn bá ti so mọ́ wáyà tínínrín, nítorí náà kó má gbẹ́kẹ̀ lé iye ohm tó bá rí níbẹ̀. Èkejì, ibi tí gọ́tà ti so pọ̀ mọ́ra, bó bá ti dípẹtà tàbí kó jẹ́ rọ́bà ni wọ́n fi dí i, kò sí sọ́fítíwià tó mọ̀ bóyá iná ń kọjá níbẹ̀. Ìsopọ̀ tó dípẹtà tún lè máa ṣe bíi diode, kó máa da ariwo sí rédíò yín, kó sì máa bí harmonic.

Coax wá ni. Ohun tí a ń kọ́ ni pé inú coax ni iná ń gbà, ìta rẹ̀ kò sì ṣe nǹkan kan. Bí dipole kò bá ní choke (ohun tó ń dènà kọ́rẹ́ńtì ìta coax) níbi tí coax ti so mọ́ ọn, ìta coax di ẹsẹ̀ kẹta áńtẹ́nà. Kọ́rẹ́ńtì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ wọ inú yàrá, bóyá ẹ rí i tàbí ẹ kò rí i. Ẹ lè fi hàn nínú mọ́dẹ́lì: ní ọ̀kan nínú orí méjèèjì ègé tí orísun iná wà, ẹ so wáyà mìíràn mọ́ ọn, kí ó nípọn tó ìta coax yín (RG-58 jẹ́ nǹkan bí 5 mm), kí ó sì gba ọ̀nà tí coax gidi gbà wá sí yàrá. Ibi tó bá parí sí, ẹ má jẹ́ kó wọ ilẹ̀. NEC-2 kò gba wáyà tó wọ inú ilẹ̀. Ẹ gbìyànjú gígùn méjì tàbí mẹ́ta, 8 m, 11 m, 14 m, kí ẹ wo bí SWR ṣe ń yí. Ẹ wá fi load (ìdènà iná) 3000 ohm sí ègé àkọ́kọ́ nínú wáyà coax náà, ìyẹn choke yín nìyẹn. Ẹ ó rí i pé kọ́rẹ́ńtì ibẹ̀ á lọ sílẹ̀ gidigidi, gígùn coax kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ sún SWR mọ́.

Kò yẹ kí ẹ dúró de mọ́dẹ́lì kí ẹ tó mọ̀ bóyá èyí ń ṣẹlẹ̀ nílé yín. Ẹ so NanoVNA, kí ẹ di coax mú, ẹ fi ọwọ́ rìn lórí rẹ̀. Bí ìlà orí rẹ̀ bá ń mì bí ọwọ́ yín ṣe ń rìn, ìta coax ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi coax kékeré kan kún èyí tó wà. Bí fíríkúẹ́ńsì tó dára jù bá kúrò níbi tó wà, ẹ̀rí nìyẹn náà. Òrùka fẹ́ráìtì FT240-31 kan, tí ẹ yí coax RG-58 ká ní ìgbà bíi méjìlá, á fún yín ní ẹgbẹ̀rún ohm mélòó kan ní 7 MHz. Ẹ gbé e sí òkè, níbi tí coax ti so mọ́ dipole. Ṣùgbọ́n ìdí rédíò ni àwọn ènìyàn sábà máa ń gbé e sí. Ìyẹn kò dá ẹsẹ̀ kẹta náà dúró, ó kàn ń dín bí ó ṣe gùn tó kù ni.

Ọ̀rọ̀ wíwọ̀n kò gùn, ṣùgbọ́n ó ṣe pàtàkì. Orí áńtẹ́nà gan-an ni mọ́dẹ́lì ń ròyìn. Ìdí coax nínú yàrá lẹ ti wọn tiyín. Àdánù inú coax máa ń jẹ́ kí SWR dára lójú ju bó ṣe wà lókè lọ, iye ohm tí ẹ sì rí nísàlẹ̀ kì í ṣe ti òkè. Ẹ gbé open, short àti load (àwọn orí kékeré mẹ́ta tí a fi ń ṣètò mítà) tó bá NanoVNA wá lọ sí orí coax tó wà lókè àjà, kí ẹ calibrate níbẹ̀, kí ẹ tó so dipole padà. Lẹ́yìn ìyẹn, R àti X (apá méjì impedance) tí ẹ bá kà ṣeé fi wé ti mọ́dẹ́lì. Ẹ máa fi R àti X wé ara wọn, kì í ṣe SWR nìkan, nítorí SWR 3.5 lè ti ibi púpọ̀ wá, R àti X á sì sọ èwo ni.

Bí àwọn méjèèjì bá ti bára mu ní ìwọ̀n 1 tàbí 2 nínú ọgọ́rùn-ún lórí fíríkúẹ́ńsì, mọ́dẹ́lì yín ti wúlò. Láti ìgbà yẹn, ẹ máa bi í ní ìbéèrè àfiwé: bí mo bá gbé àárín sókè ní 1 m ńkọ́? Bí mo bá tẹ orí méjèèjì sí apá kan náà ńkọ́? Ìdáhùn irú èyí ṣeé gbára lé ju iye gain tó dá dúró lọ. Ẹ má sì pa ara yín nítorí 1 dB. S-unit kan, ìwọ̀n tí mítà rédíò ń fi hàn, jẹ́ 6 dB, ẹni tó ń gbọ́ yín kò ní mọ̀. Dipole lásán lójú òfuurufú jẹ́ 2.15 dBi (dB tí a fi wé áńtẹ́nà tó ń tànká dọ́gba sí gbogbo ọ̀nà), lórí ilẹ̀, ó lè dé bíi 6 tàbí 7. Bí wáyà inú àjà bá ní òun ń mú 12 dBi wá, ẹ padà sí tábìlì wáyà, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ní 8 m, òkè gangan ni púpọ̀ nínú agbára yín ń lọ. Ìyẹn dára púpọ̀ fún bíbá àwọn tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan sọ̀rọ̀. Kò dára tó fún òkè òkun, kò sì sí bí ẹ ṣe máa tẹ orí wáyà tí yóò yí ìyẹn padà; gíga ló ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè fò: fólítéèjì ìparí wáyà ga gan-an, pẹ̀lú 100 W, ó lè kọjá ẹgbẹ̀rún fólítì. Inú àjà, lẹ́bàá igi gbígbẹ àti eruku, ẹ má jẹ́ kí orí wáyà kan igi, ẹ má sì jẹ́ kó súnmọ́ wáyà iná ilé. Bí yàrá ìsùn bá wà nísàlẹ̀ rẹ̀, 4nec2 lè ṣírò near field (bí agbára ṣe pọ̀ tó nítòsí áńtẹ́nà): ẹ fi gíga orí ibùsùn sínú rẹ̀, kí ẹ fi èsì wé ìwọ̀n tí àjọ tó fún yín ní láísẹ́ǹsì gbà láyè kí ẹ tó gbé agbára sókè.

Fún ti yín gan-an, báyìí ni kí ẹ ṣe tẹ̀ léra. Ẹ fi choke sókè, kí ẹ tún wọ̀n. Mo retí pé fíríkúẹ́ńsì á sún díẹ̀, mi ò lè sọ apá ibi tó máa sún sí títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n. Ẹ fi orí wáyà ẹ̀gbẹ́ gọ́tà sí apá kejì bí mọ́dẹ́lì bá ní ó tọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan gígùn. Bó bá ṣì wà ní 6.75, ìdá 5 nínú 20 m jẹ́ 1 m, ìyẹn nǹkan bí 50 cm ní apá kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé e. Ẹ ká 30 cm padà lé ara rẹ̀ ní apá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dì í, kí ẹ wọ̀n, kí ẹ tó ká èyí tó kù. Kọ́rẹ́ńtì ìparí wáyà kéré, torí náà èyí tí ẹ ká padà kò ní da nǹkan rú. Bí ẹ bá sì fẹ́ padà sí 6.75 lọ́la, wáyà yín ṣì wà níbẹ̀ ní pípé.